Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Ìrántí Mọ́ríìsì Ìyá Mi

Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni gbogbo Nàìjíríà fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, tí a bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún lójú títì. Títí di ọjọ́ náà, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe kọ́ wa la ṣe ń wakọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbogbo orílẹ̀-èdè tó bá wa pààlà, láti Dàhòmì dé Kamẹrúùnù, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà. Òfin yí ojú ọ̀nà padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n òfin ò lè yí mọ́tò tó ti wà nílẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí àwọn ènìyàn ti rà ṣáájú, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárín wọn wà, ibẹ̀ náà ló sì wà títí wọ́n fi gbó. Ọ̀kan nínú wọn ni ìyá mi rà lọ́dún 1975: Mọ́ríìsì Máínọ̀, ọkọ̀ ọdún 1963, aláwọ̀ ewé tó ti ń ṣá.

Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ò mọ̀ pé yóò rìn lójú ọ̀nà tí a ti yí padà. Wọn ò sì mọ̀ pé obìnrin tí gíga rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 4 àti íǹṣì 10 lọ ni yóò wà á. Bí a ṣe mú ọkọ̀ yìí bá ìyá mi lára mu ni mo fẹ́ sọ, nítorí ohun tí mo rí nígbà náà kò kúrò lọ́kàn mi: ẹni tó kúrú kò jẹ mọ́tò ní gbèsè gíga. Mọ́tò ló jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Tíṣà ni ìyá mi, ní Ìbàdàn. Nínú kíláàsì rẹ̀, àpótí pákó kékeré kan wà tó máa ń gùn bó bá fẹ́ kọ̀wé sókè pátákó. Yóò fi ẹsẹ̀ tì í lọ sápá òsì, yóò kọ̀wé, yóò tún tì í sápá ọ̀tún, kò sì sí ọmọ kan tó jẹ́ rẹ́rìn-ín, nítorí ohùn rẹ̀ tó gbogbo wa. Bàbá mi a máa ní, "Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ." Abẹ́òkúta ni wọ́n ti tọ́ ìyá mi, ìlú tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ti wa mọ́tò nígbà tí obìnrin tó ń wakọ̀ ṣì ṣọ̀wọ́n ní gbogbo Nàìjíríà. Lójú ìyá mi, obìnrin nídìí sítíárín kì í ṣe èèmọ̀ rárá.

Owó ló kù. Lópin ọdún 1974, ìjọba tẹ́wọ́ gba àbọ̀ ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji darí, owó oṣù lọ sókè, nígbà tí ọdún 1975 sì wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ gba àjẹsílẹ̀ owó náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbogbo ẹni tó ti dàgbà nígbà náà ló mọ owó Údójì. Ẹlòmíràn fi ra fíríìjì, ẹlòmíràn ra alùpùpù, ẹlòmíràn fi kan òrùlé ilé tó ti ń kọ́ láti ìgbà ogun. Ìyá mi fi tirẹ̀ ra Mọ́ríìsì lọ́wọ́ olùkọ́ yunifásítì kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ lókè òkun. Ó ti gba láísẹ́ǹsì ṣáájú ìgbà náà, ọkọ̀ àbúrò bàbá mi ló sì fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ọkọ̀ yìí, nítorí ìtàn bí wọ́n ṣe ṣe é wúlò fún ohun tí mò ń bọ̀ wá sọ. Alec Issigonis, ẹni tí wọ́n bí ní Smyrna lọ́dún 1906, ìlú tó ń jẹ́ Izmir ní Tọ́kì báyìí, ló ya Mọ́ríìsì Máínọ̀. Òun kan náà ló wá ṣe Mini lọ́dún 1959. Nígbà tí wọ́n parí àpẹẹrẹ Mọ́ríìsì náà, ó wò ó, ó ní ó ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ó ní kí wọ́n là á sí méjì láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí wọ́n máa sún apá méjèèjì kúrò lára ara wọn títí ojú òun yóò fi gbà á. Íǹṣì 4 ni wọ́n fi kún ìbú rẹ̀. Àmì rẹ̀ wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì títí dòní: ọ̀já irin pẹrẹsẹ kan tó gba àárín rẹ̀ kọjá. Wọ́n ti ṣe bọ́ńpà sílẹ̀ kó tó dé orí èrò yìí, nítorí náà, wọ́n gé bọ́ńpà sí méjì, wọ́n sì fi irin dí àárín. Oṣù kẹwàá ọdún 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ náà jáde níbi ìpàtẹ mọ́tò Earls Court ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò tíì sí mọ́tò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan tí wọ́n ṣe tó mílíọ̀nù kan kó tó kàn án.

Ọkọ̀ tí ẹni tó dá a fúnra rẹ̀ ti fi ayùn là, tó fi irin kún, ta ni yóò wá sọ pé ẹni tó rà á kò gbọdọ̀ gbé ìjókòó rẹ̀ sókè?

Ọjọ́ tí ọkọ̀ dé ilé, gbogbo àdúgbò jáde. Wọ́n bu omi sẹ́nu táyà, wọ́n ṣàdúrà, ìyá mi sì wọlé jókòó. Láti ẹ̀yìn dígí, ohun tí mo rí ni iwájú orí rẹ̀ àti gèlè. Ojú rẹ̀ gba inú sítíárín wò, kò gba òkè rẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ òsì sí kílọ́ọ̀ṣì, orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló kàn án.

Ẹni tó mọ Mọ́ríìsì yóò mọ ibi tí ìṣòro wà. Kílọ́ọ̀ṣì àti bíréèkì rẹ̀ kò fi orí kọ́ láti òkè bíi ti ọkọ̀ ìsinsìnyí. Abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ ni apá wọn ti gba ihò yọ sókè, ẹsẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ìsàlẹ̀ kí jíà tó gbà. Jíà kìíní ọkọ̀ náà kò ní ohun tí ń bá a mú eyín bára mu, bí kílọ́ọ̀ṣì kò bá dé ilẹ̀ dáadáa, yóò ké bí ìgbà tí irin bá ń ha irin, gbogbo ọjà yóò yíjú wò ọ́. Èyí tó jẹ́ ti ẹsẹ̀ nìyẹn. Bí a bá sì ti ìjókòó síwájú dé òpin réèlì kí ẹsẹ̀ lè tó o, sítíárín yóò wà láyà, ìgbọ̀nwọ́ yóò ká sí ìhà, kò ní sí àyè láti yí i. Bí a bá gbé ìjókòó sókè kí ojú lè ríran, ẹsẹ̀ tún jìnnà sí kílọ́ọ̀ṣì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ojú, àyà àti ẹsẹ̀, bí o bá tún ọ̀kan ṣe, o ti ba òmíràn jẹ́.

Ìrọ̀rí ni ìyá mi fi bẹ̀rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe. Ó gbé ọ̀kan sábẹ́ ìdí, ó fi ọ̀kan sẹ́yìn, ó wọ bàtà gogoro tó wà lóde nígbà náà. Pẹ̀lú èyí, ó wakọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ fún ìgbà díẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò sì ń sọ pé mọ́tò kan wà tó ń dá wa ara rẹ̀. Ní ọjọ́ kan lójú ọ̀nà Òkè-Àdó, ewúrẹ́ fò sọ́nà. Ìyá mi tẹ bíréèkì, ìrọ̀rí abẹ́ ìdí yọ̀, ara rẹ̀ tẹ̀lé e wálẹ̀, orúnkún rẹ̀ gbá abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ìrọ̀rí ẹ̀yìn sì já bọ́ sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, níbi tí bíréèkì wà. Ọkọ̀ dúró. Ewúrẹ́ lọ. Ìyá mi gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó tì í, ó fa èmi lọ́wọ́, a fi ẹsẹ̀ rìn délé. Nígbà tí bàbá mi bi í léèrè, ó ní, "N kò ní wa mọ́tò yẹn mọ́ títí yóò fi mọ̀ mí."

Ìmọ̀ràn wá láti ọ̀nà púpọ̀. Àwọn kan ní kó tà á. Àwọn kan ní kó gba dírẹ́bà, kó máa jókòó lẹ́yìn bí ìyàwó ọ̀gá. Ẹnìkan láàárín ẹbí sọ pé Ọlọ́run tó dá a ní kúkúrú kò ní kó wa mọ́tò. Ìyá mi kò bá a jiyàn. Ó ní kí wọ́n bá òun wá mẹkáníìkì tó ní sùúrù.

Abẹ́ igi máńgòrò kan lẹ́bàá Òkè-Bọ́lá ni ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà wà. Ó ti ṣiṣẹ́ lórí Mọ́ríìsì, Ọ́sítìn àti Fọ́ọ̀dù láti ìgbà òmìnira, ó dàgbà ju ìyá mi lọ, síbẹ̀ "Tíṣà" ló ń pè é, ó sì ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe yà mí lẹ́nu. Kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò mú sípánà. Ó ní, "Tíṣà, ẹ wọ bàtà tí ẹ fi ń lọ síṣẹ́, kì í ṣe èyí tó ga yìí. Ẹ wọlé, ẹ jókòó láìsí ìrọ̀rí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí yín kí n tó rí ọkọ̀." Ó mú okùn àti ṣọ́ọ̀kì, ó sì wọn ìyá mi bí aránṣọ ṣe ń wọn ẹni tó fẹ́ dá aṣọ fún: láti ìbàdí dé orúnkún, láti orúnkún dé gìgísẹ̀, láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, láti ojú dé orí ìjókòó. Ó fa ìlà ṣọ́ọ̀kì sára ilẹ̀kùn níbi tí ojú ìyá mi wà, ó tún fa òmíràn níbi tó yẹ kó wà.

"Ojú ló ń kọ́kọ́ dé," ni ọ̀gá náà sọ, "àyà tẹ̀lé e, ẹsẹ̀ ló ń kẹ́yìn. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ibi tí kò dára ni yóò gbé ojú àti àyà sí."

Nítorí náà, ìjókòó ló kọ́kọ́ tú. Ó fi hàn wá pé apá kan nínú ìṣòro náà kì í ṣe ti gíga ìyá mi rárá: ohun tó gbé fóòmù dúró lábẹ́ ti dẹ̀, ẹni tó bá jókòó a rì sísàlẹ̀. Ó ní bí òun bá kàn tún un ṣe bó ṣe wà nígbà tó jáde, ojú ìyá mi yóò ti gòkè díẹ̀ kí a tó fi nǹkan kún un. Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí n óò sọ fún ẹni tó bá ní ọkọ̀ àtijọ́ lónìí: kọ́kọ́ dá ìjókòó padà sí bó ṣe wà, kó o tó mọ iye tó kù láti gbé sókè.

Lẹ́yìn náà, ó ní kí wẹ́dà jó irin onígun mọ́ra wọn, kí wọ́n gbé e sábẹ́ réèlì. Ó gbé ẹ̀yìn ìjókòó ga ju iwájú rẹ̀ lọ. Mo rò pé ó ṣèèṣì ni, títí ó fi ní kí ìyá mi jókòó: nígbà tí ẹ̀yìn ga, itan rẹ̀ dà sísàlẹ̀ díẹ̀ síwájú, ẹsẹ̀ sì rọrùn láti na. Ó gé etí fóòmù níwájú kó má baà dá itan dúró. Fóòmù líle ló lò, kì í ṣe èyí tó rọ̀, nítorí èyí tó rọ̀ yóò tún rì, ara a sì máa yọ̀ lórí rẹ̀. Ní ti ẹ̀yìn, ó ní kí aránjókòó rán ìtìlẹ́yìn mọ́ inú lẹ́dà ìjókòó gan-an. "Ohun tó bá lè já bọ́ nínú mọ́tò," ó ní, "ẹ ti rí ọjọ́ tó ń já bọ́."

Ilẹ̀ ọkọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà, bí ti ọ̀pọ̀ Mọ́ríìsì. Kò gbà láti lu ihò bóòtù tuntun sínú irin tó ti jẹ. Wọ́n jó pátákó irin mọ́ ọn lábẹ́, wọ́n fi wọ́ṣà ńlá sí i, kí ìjókòó má baà fa bóòtù yọ bí ọkọ̀ bá dúró lójijì. Mọ́tò náà kò ní bẹ́lítì. Nígbà náà, n kò tíì rí ọkọ̀ kankan ládùúgbò wa tó ní in. Ìjókòó tó dúró ṣinṣin ni gbogbo ààbò tí ìyá mi ní.

Lẹ́yìn ojú, ó kan àyà. Ọ̀gá náà fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mẹ́ta wọn àárín àyà ìyá mi àti sítíárín, ó sì sọ pé òun kò ní jẹ́ kí ó sún mọ́ ju ìyẹn lọ. Ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, mo kà á pé àwọn aláàbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà ń gba awakọ̀ nímọ̀ràn pé kí àyà wọn jìnnà tó íǹṣì 10 sí ibi tí báàgì atẹ́gùn wà nínú sítíárín. Báàgì atẹ́gùn kò sí nínú Mọ́ríìsì, ọ̀gá náà kò sì ka ìwé kankan lórí rẹ̀. Ó ti rí ohun tí ọ̀pá sítíárín irin ń ṣe fún àyà ènìyàn nínú jàǹbá, ìyẹn sì tó o. Nígbà tí bàbá mi béèrè bóyá a lè gé ọ̀pá sítíárín kúrú, ó mi orí. Ó ní, "Bàbá, ohun tí mo bá gé nídìí sítíárín, n kò lè dúró fún un. Ìjókòó ni mo lè gbé, pẹ́dálì ni mo lè mú wá. Ẹ jẹ́ kí sítíárín wà bí wọ́n ṣe ṣe é."

Ẹsẹ̀ ló wá kẹ́yìn, ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà sì ti dùn mọ́ mi jù. Níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ kò lè dé ọ̀dọ̀ pẹ́dálì, pẹ́dálì ni yóò wá bá ẹsẹ̀. Káfíńtà gbẹ́ igi ìrókò sí mẹ́ta, ó gbẹ́ inú wọn kí wọ́n lè jókòó dáadáa lórí pẹ́dálì. Ti kílọ́ọ̀ṣì àti ti bíréèkì nípọn tó íǹṣì 2. Ti tọ́tù fẹ́lẹ́ jù wọ́n lọ, kí ojú bíréèkì lè ga ju ojú tọ́tù lọ, kí ẹsẹ̀ kan má baà tẹ méjèèjì pọ̀. Wọ́n fi rọ́bà táyà bo ojú wọn kí bàtà má yọ̀ nígbà òjò. Lẹ́yìn pẹ́dálì kọ̀ọ̀kan ni pátákó irin wà, bóòtù méjì la igi àti irin já, nọ́ọ̀tì méjì sì wà lórí bóòtù kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ń ti ìkejì kó má tú. Kò sí okùn, kò sí wáyà, kò sí gọ́ọ̀mù nìkan. Ó fi ọwọ́ tẹ pẹ́dálì kọ̀ọ̀kan dé ìsàlẹ̀, ó fi iná tọ́ọ̀ṣì wò ó bóyá irin náà kan ilẹ̀ kí kílọ́ọ̀ṣì tó tẹ̀ tán.

Síbẹ̀, ìyá mi ní ọkọ̀ náà ń rẹ òun lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá wò ó títí, ó rí i pé gìgísẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Gbogbo ẹsẹ̀ ló rọ̀ mọ́ orí pẹ́dálì, kò sí ibi ìsinmi. Ó fi pákó apá ṣe pèpéle fún gìgísẹ̀, ó fi ìdè kàn án mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, ó sì dá a dúró kó tó kan ibi tí pẹ́dálì ń sọ̀ sí. Ó pe èmi ọmọdé, ó ní kí n wo ibẹ̀ dáadáa: "Lábẹ́ pẹ́dálì, atẹ́gùn nìkan ló gbọ́dọ̀ wà. Bó o bá rí ìgò, bó o bá rí bàtà, bó o bá rí ọsàn níbẹ̀, mú un kúrò kí màmá ẹ tó ṣíná." Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ mi nìyẹn láràárọ̀.

Dígí ló parí rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ojú ti yí ipò padà, dígí inú ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀. Ó sì fi dígí kan sí apá òsì ọkọ̀ níta, níbi tí àwọn tó ṣe Mọ́ríìsì fún ọ̀nà àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò fi sí, nítorí apá òsì ni ọkọ̀ míràn ti ń yà wá sílẹ̀ báyìí.

Òkè Mápó ni wọ́n ti dán an wò. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ òkè náà, tí gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929 dúró lé lórí. Ọ̀gá ní kí ìyá mi dúró láàárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kó fa bíréèkì ọwọ́, kó sì tún gbéra. Ibẹ̀ la ti ń mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ní àṣẹ lórí kílọ́ọ̀ṣì tàbí kò ní. Ìyá mi tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ilẹ̀, ó fi jíà kìíní sí i láìsí ariwo, ó ń gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, iwájú ọkọ̀ gbé orí, ó tú bíréèkì ọwọ́, ọkọ̀ sì gun òkè lọ láì fà sẹ́yìn rárá. Ó kọrin ṣọ́ọ̀ṣì láti ibẹ̀ délé.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1976, wọ́n gbé iṣẹ́ lé ìyá mi lọ́wọ́ láti máa lọ wo àwọn ilé ẹ̀kọ́ tuntun ní abúlé tó yí Ìbàdàn ká. Mọ́ríìsì ló fi ṣe é. Lásìkò ìsinmi, èmi ni mò ń jókòó lápá òsì, ibi tí dírẹ́bà ì bá wà bó bá jẹ́ ọkọ̀ tuntun. Bí a bá wà lẹ́yìn lọ́rì tó kó kòkó, ìyá mi kò lè rí iwájú rẹ̀ láti apá ọ̀tún. Yóò ní, "Wò ó fún mi." N óò na ọrùn, n óò ní, "Ẹ dúró ná, Màámi, tírélà ń bọ̀," tàbí, "Ọ̀nà ṣí, mà." Kò yà láìjẹ́ pé mo sọ bẹ́ẹ̀, bí mo bá sì ti sọ bẹ́ẹ̀, òun náà yóò tún sún síta díẹ̀ láti fi ojú ara rẹ̀ rí i. Mo kọ́ níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi ọkàn tán ènìyàn láì fi ojú sílẹ̀.

Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá wo ìjókòó náà. Ọ̀kan nínú wọn, tí òun àti ìyá mi ga bákan náà, ní kí ọ̀gá bá òun gbẹ́ irú igi yẹn gẹ́lẹ́ fún ọkọ̀ tirẹ̀. Ọ̀gá kọ̀. Ó ní kó jókòó kí òun wọ̀n ọ́n. Ó wá hàn pé ẹsẹ̀ obìnrin náà gùn ju ti ìyá mi lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kúrú. Ohun tó nílò ni ìjókòó tó ga, kò nílò igi lórí pẹ́dálì rárá. Bó bá ti gbé ìwọ̀n ìyá mi fún un, pẹ́dálì ì bá ti máa kò ó lórúnkún. Ẹni méjì lè ga dọ́gba ní ìdúró, kí wọ́n má dọ́gba ní ìjókòó. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, àwọn baba wa ti wí i, eku kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìwọ̀n tirẹ̀.

Bàbá mi ga. Bó bá fẹ́ wa ọkọ̀ náà lọ sí ọ̀nà jíjìn, yóò mú sípánà, yóò tú igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yóò ti ìjókòó sẹ́yìn. Bó bá dé, yóò dá gbogbo rẹ̀ padà, ìyá mi yóò sì fi ọwọ́ mi nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan kó tó ṣíná. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé ọ̀gá náà kò ba ohunkóhun jẹ́ nínú ọkọ̀ náà. Gbogbo bóòtù tó bá a wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kó wọn sínú agolo mílíìkì, ó gbé e lé ìyá mi lọ́wọ́, ó ní ọjọ́ kan lè dé tí ẹlòmíràn yóò fẹ́ ọkọ̀ náà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ náà dé. Lọ́dún 1975 kan náà tí a ra Mọ́ríìsì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná àti Volkswagen ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, kò sì pẹ́ tí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn fi gba ìgboro. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dáwọ́ Mọ́ríìsì Máínọ̀ dúró láti ọdún 1971, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì ń wọ́n sí i lọ́dọọdún. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé lọ́dún 1986 tí náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, kò sí bí olówó oṣù ṣe lè máa bá a lọ. Ìyá mi ta ọkọ̀ náà fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fẹ́ràn nǹkan àtijọ́. Ó gbé agolo bóòtù náà fún un pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, ó sì ṣàlàyé ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lọ́dún 1976, nígbà tí ìyá mi ń fi igi ìrókò tẹ kílọ́ọ̀ṣì lọ sí abúlé, ilé iṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà ṣe ère ènìyàn tuntun tí wọ́n ń lò láti dán jàǹbá ọkọ̀ wò, tí wọ́n pè ní Hybrid III. Ọkùnrin ni, gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 9. Ère tó jọ obìnrin kékeré wá lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn ló pẹ́ jù lọ́wọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n. Nígbà tí mo ka èyí, inú bí mi, lẹ́yìn náà ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin abẹ́ igi máńgòrò yẹn. Ó ti fi okùn àti ṣọ́ọ̀kì ṣe ohun tí ó yẹ kí àwọn tó ní owó ṣe: ó gbà pé ara tó jókòó níwájú òun ni òṣùwọ̀n.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ní ohun tí a fi ń gbé ìjókòó sókè, sítíárín wọn sì ń lọ sókè sódò. Ó dára. Ṣùgbọ́n mo ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń tún Mọ́ríìsì, Volkswagen Ìjàpá àti Peugeot 404 ṣe, tí wọ́n ń kùn wọ́n lọ́dà dídán, mo sì ń rí ìyàwó tàbí ìyá wọn tó ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́, nítorí kò sí ẹni tó rò pé yóò wà á. Mo bẹ̀ yín, ẹ pè é wá. Ẹ jẹ́ kó jókòó pẹ̀lú bàtà tó ń wọ̀ lójoojúmọ́. Ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ wọn àyà rẹ̀ sí sítíárín, ẹ sì mú pẹ́dálì wá bá ẹsẹ̀ rẹ̀. Bóòtù ni kí ẹ lò, ẹ má lo okùn. Ohun tí ẹ kò bá lè dá padà, ẹ má gé e, ní pàtàkì nídìí sítíárín. Ẹ tọ́jú àwọn bóòtù àtijọ́. Nígbà tí ẹ bá ṣe tán, ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì bọ́ sí ìjókòó kejì.